Ta Ni Yóò Dá Ẹjọ́ Ọba? Ìtàn Ilé Ẹjọ́ ní Ìlọrin àti Ìgbèríko Rẹ̀

 Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín nínú ètò yìí kì í ṣe ìtàn ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ìdílé ọba. Ìtàn ìdájọ́ ni. Ẹni tó bá dúró ní Ọjà-Ọba ní Ìlọrin yóò rí i pé ohun mẹ́ta ló súnmọ́ ara wọn níbẹ̀: ààfin Ẹ́míà, mọ́sáláṣí ńlá, àti ọjà fúnra rẹ̀. Àṣẹ, ẹ̀sìn àti òwò ló pàdé lójú kan náà. Ohun kẹrin tí ojú kì í tètè rí ni ìdájọ́, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún kò ní ilé tirẹ̀. Abẹ́ òrùlé ọba ló ń gbé.

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn. Bí àgbẹ̀ kan láti Afọ̀n tàbí láti Bódè-Sáàdú bá ní ẹ̀sùn pé wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ òun ju bó ti yẹ lọ, ta ni yóò ro ẹjọ́ náà fún, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó rán agbowó-orí sí i ni yóò tún jókòó dá ẹjọ́? Àwọn baba wa sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe náà kìlọ̀ fún adájọ́ tí kò gbọ́ tẹnu ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ẹnì kejì ńkọ́? Bí a bá wo ìtàn Ìlọrin láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn fínnífínní, a óò rí i pé ìtàn bí a ṣe rọra ya ìjókòó adájọ́ kúrò lára ìtẹ́ ọba ni.

Kí òyìnbó tó dé

Abẹ́ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni Ìlọrin wà nígbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ ẹ̀yìn sí Aláàfin, tó sì fi àlùfáà Fúlàní kan, Ṣéù Àlímì, ṣe alátìlẹ́yìn. Àfọ̀njá kú ní nǹkan bí 1824, lẹ́yìn tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn tí ó kó jọ. Abdulsalami, ọmọ Àlímì, di Ẹ́míà àkọ́kọ́, ó sì gba àsíá láti Gwandu. Láti ìgbà náà ni òfin Mùsùlùmí, ní ìlànà Ìmáàmù Málíkì, ti ń bá àṣà ilẹ̀ Yorùbá gbé nínú ìlú kan náà. Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Nupe àti Kanuri ni wọ́n jọ ń gbé ìlú náà.

Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di dandan kí ó dé ààfin. Baálé agbo-ilé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí apá rẹ̀ kò bá ká a, ó di ọwọ́ olórí àdúgbò. Láti ibẹ̀ ó lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn Balógun mẹ́rin, ìyẹn Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Ajíkòbí àti Balógun Àlànámú, tí olúkúlùkù wọn ní apá ìlú tí ó ń ṣàkóso. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni ojúde Ọba. Ẹjọ́ tó jẹ mọ́ ìwé ẹ̀sìn, bí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ogún, a máa lọ sọ́dọ̀ Àlíkálì, ẹni tí ó kọ́ òfin Málíkì nínú àwọn ìwé bíi Risala ti Ibn Abi Zayd àti Mukhtasar ti Khalil.

Ọ̀tọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ ti rí fún ará oko. Ní àwọn ìlú Ìgbómìnà àti Ìbọ̀lọ́ tí Ìlọrin fi ogun gbà, ajẹ́lẹ̀ ni Ẹ́míà tàbí Balógun fi síbẹ̀. Ní àwọn abúlé tó yí ìlú ká, olúkúlùkù ní olówó-orí rẹ̀ nínú ìlú, àwọn ìjòyè tó ń gbé Ìlọrin tí wọ́n sì ń jẹ èrè oko. Ẹni tí ó máa ń ṣe alágbàwí láàárín ará oko àti ààfin ni a ń pè ní baba kékeré. Baba kékeré ní í mú ẹlẹ́jọ́ wọlé, òun ní í bá a sọ̀rọ̀, òun náà ní í gba ẹ̀bùn tí ọ̀rọ̀ bá bá a dé. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni fún àgbẹ̀ tí kò mọ ẹnì kan nílùú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé baba kékeré gan-an ni àgbẹ̀ ń bá ṣẹjọ́, kò sí ẹni tí yóò mú un wọlé mọ́.

Kí a má sì rò pé ohun tó wu Ẹ́míà ló ń ṣe. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, agbára àwọn Balógun ti pọ̀ débi pé wọ́n dìde sí Ẹ́míà Mọ́má ní 1895, ó sì kú sínú ààfin rẹ̀. Ọba tí ìjòyè rẹ̀ lè ṣẹ́gun kò lè dá ìjòyè náà lẹ́bi kí ó sì mú ìdájọ́ náà ṣẹ. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé ìdájọ́ àtijọ́ kò ní àléébù, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n pé: fún ta ni? Fún ẹni tó ní alágbára lẹ́yìn ni, àbí fún ẹrú tí ń roko ìjòyè?

Kóòtù tí ó ní ìwé àṣẹ

Ní oṣù Fẹ́búárì 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company, lábẹ́ Goldie, dojú ìbọn kọ Ìlọrin lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun Bídà. Iná sọ nínú ìlú, Ẹ́míà Sùlémánù sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì 1900, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Àríwá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ oníṣòwò náà, Lugard sì di High Commissioner rẹ̀. Láàárín ọdún kan náà ni òfin Kóòtù Ìbílẹ̀ jáde. Òfin yìí fún ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ẹni tí wọ́n ń pè ní Resident, ní agbára láti fi ìwé àṣẹ dá kóòtù sílẹ̀, láti yẹ ìdájọ́ rẹ̀ wò, àti láti yí i padà. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní 1906, ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ti Ẹ́míà àti kóòtù Àlíkálì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo ohun tó yí padà àti ohun tí kò yí padà. Àkọ́kọ́, ìwé wọ inú ìdájọ́. Ohun tí ó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu di ohun tí akọ̀wé ń kọ sílẹ̀: orúkọ olùpẹ̀jọ́, orúkọ olùjẹ́jọ́, ẹ̀sùn, ẹ̀rí àti ìdájọ́. Ìkejì, a dín àìdọ́gba kan kù: òfin tó jáde ní 1901 sọ pé ipò ẹrú kò ní àṣẹ lábẹ́ òfin mọ́, àti pé ọmọ tí a bá bí láti ọjọ́ kìíní oṣù Épírì ọdún náà, òmìnira ni. Ní ilẹ̀ Àríwá, kóòtù ìbílẹ̀ ni ẹrú ti ń san owó ìràpadà ara rẹ̀, kóòtù yìí kan náà ni ó sì ń gba ìwé òmìnira. Báyìí ni ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ kan kóòtù bí olùpẹ̀jọ́ tẹ́lẹ̀ rí ṣe rí ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò yí padà ló burú jù. Òyìnbó gba ogun lọ́wọ́ àwọn Balógun, ó sì fi ìjọba tó kù sọ́wọ́ Ẹ́míà. Ìjọba ìbílẹ̀ yìí, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí N.A., ló ń gba owó orí, òun ló ní dóńgárì, òun ló ní ẹ̀wọ̀n, òun náà ló sì ní kóòtù. Apá Balógun tó ti ń dá ọba dúró tẹ́lẹ̀ ti rọ, a kò sì fi ohun mìíràn dípò rẹ̀ àfi ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan ṣoṣo. Agbẹjọ́rò kò sì láṣẹ láti dúró fún ẹnikẹ́ni nínú kóòtù ìbílẹ̀. Èrò ìjọba ni pé lọ́yà yóò fi ọ̀rọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì da ìdájọ́ ìbílẹ̀ rú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ níwájú ọba, a ti gba ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, bí ìyàtọ̀ tilẹ̀ wà láàárín 1890 àti 1940, àgbẹ̀ Afọ̀n tí a ti dárúkọ ṣì ń wá baba kékeré.

Ta ni yóò pín ogún?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa rò pé ohun tí à ń sọ jẹ́ ti ìṣèlú nìkan. Rárá o. Ilé ẹjọ́ tí ẹnì kan bá gbé ọ̀rọ̀ lọ lè pinnu iye tí yóò wọ àpò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ogún pípín ṣàpẹẹrẹ. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀. Ìyàwó àgbà bí ọmọkùnrin kan. Ìyàwó kékeré bí ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan. Lẹ́yìn ìsìnkú àti gbèsè, ohun tó kù jẹ́ 96,000 náírà.

Bí a bá fi ìdí-igi pín in, gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá, ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni a óò kọ́kọ́ wò. Ọmọ ìyàwó àgbà nìkan yóò gba 48,000. Àwọn mẹ́ta ti ìyàwó kékeré yóò pín 48,000, tó jẹ́ 16,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá pín in dọ́gba. Bí a bá fi orí-ò-jorí pín in, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò gba 24,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú méjèèjì yìí, ìyàwó kò ní ìpín kan tí a ṣírò fún un. Bí a bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Àlíkálì, ìdámẹ́jọ ni ti àwọn ìyàwó, tó jẹ́ 12,000. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 6,000. Nínú 84,000 tó kù, ọkùnrin gba ìpín méjì, obìnrin gba ìpín kan. Ìpín méje ni gbogbo rẹ̀, ìpín kan sì jẹ́ 12,000. Nítorí náà, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba 24,000, ọmọbìnrin gba 12,000.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ìyàwó tí kò gba kọ́bọ̀ lábẹ́ àṣà rí 6,000 gbà lọ́wọ́ Àlíkálì. Ọmọbìnrin tó gba 24,000 ní orí-ò-jorí gba ìlàjì rẹ̀ ní kóòtù Àlíkálì. Ọmọ ìyàwó àgbà, ẹni tó fẹ́ ìdí-igi ju gbogbo wọn lọ, pàdánù ìlàjì ohun tí ìdí-igi ìbá fún un. Kò sí ìlànà tí kò ní ẹni tó ń yọ̀ àti ẹni tó ń sunkún nínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí irú ìjiyàn yìí kò fi dúró sí Ìlọrin nìkan. Ní Èkó, ogún Suberu Dawodu, ẹni tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lórí ìdí-igi àti orí-ò-jorí títí tí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole fi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1962, àwọn adájọ́ níbẹ̀ sọ pé ìdí-igi ṣì jẹ́ òfin ìbílẹ̀ Yorùbá, kò sì tako ẹ̀tọ́. Ìyàtọ̀ Ìlọrin ni pé ìlànà kẹta wà níbẹ̀, ó sì ní adájọ́ tirẹ̀.

Tálákà Parapọ̀

Nígbà tí òmìnira súnmọ́ tòsí, ìbéèrè àgbẹ̀ Afọ̀n wọ inú ìṣèlú. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ dìde, wọ́n sì bá ẹgbẹ́ Action Group dọ́wọ́ pọ̀. Ní 1956 wọ́n borí nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ N.A. Ìlọrin. Ohun ìyanu ni èyí jẹ́ ní ilẹ̀ Àríwá, níbi tí ẹgbẹ́ N.P.C. ti ń ṣàkóso. Owó orí, ìwà àwọn aláṣẹ N.A. àti ìdájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ wà lára ohun tó ń dun àwọn ènìyàn. Ìjọba Àríwá kò jẹ́ kí àkóso wọn pẹ́. Wọ́n tú ìgbìmọ̀ náà ká. Ìgbìmọ̀ Willink, tó jókòó láti 1957 sí 1958, gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn tó fẹ́ kí a yọ Ìlọrin kúrò ní Àríwá kí a sì fi í kún Ìwọ̀-Oòrùn.

Nínú àkókò yìí ni J. S. Olawoyin, ọmọ Òfà, gbé ẹjọ́ kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà ṣì ń kà títí di òní. Ìjọba Àríwá ti ṣe òfin tó kọ̀ fún ọmọdé láti lọ́wọ́ sí ìṣèlú. Olawoyin sọ pé òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ òun ní ọ̀rọ̀ ìṣèlú, àti pé òfin náà tẹ ẹ̀tọ́ òun lójú. Ní 1961 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé kò tíì sí ẹni tó mú un tàbí tó halẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà kò ní ohun tó kàn án tààrà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ojúde Ọba ló ti béèrè, kò sì wá baba kékeré. Ó bi ìjọba ní ìbéèrè ní ilé ẹjọ́ tí ìjọba náà kò jókòó sí.

Láàárín ọdún díẹ̀ náà ni àwọn òfin ńlá dé. Ní 1956 wọ́n dá Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti Mùsùlùmí sílẹ̀. Ní 1958 ìjọba Àríwá pe àwọn amòfin jọ lábẹ́ àkóso Sayyid Mohammed Abu Rannat, adájọ́ àgbà ilẹ̀ Sudan. Ìmọ̀ràn wọn ló mú Penal Code jáde, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Sẹ́ńtẹ́ńbà 1960, ọjọ́ kan ṣáájú òmìnira. Láti ọjọ́ náà, òfin tí a kọ sílẹ̀ ni a fi ń ṣèdájọ́ ọ̀daràn. Ìgbéyàwó, ogún, ẹ̀bùn àti ìtọ́jú ọmọ òrukàn ni ó kù fún òfin Mùsùlùmí, pẹ̀lú Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà lókè rẹ̀.

Ìjókòó adájọ́ kúrò lára ìtẹ́

Ní oṣù Mèé 1967 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Kwara sílẹ̀, David Bamigboye sì ni gómìnà ológun rẹ̀ àkọ́kọ́. Láàárín 1967 sí 1968, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ Àríwá gba kóòtù kúrò lọ́wọ́ N.A. Kóòtù ìbílẹ̀ di Area Court, adájọ́ rẹ̀ di òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, kóòtù Ẹ́míà sì kásẹ̀ nílẹ̀. Ọlọ́pàá N.A. àti ọgbà ẹ̀wọ̀n rẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ohun tí ọgọ́rùn-ún ọdún kò lè ṣe, ìwé òfin díẹ̀ ṣe é láàárín ọdún méjì: agbowó-orí, ọlọ́pàá àti adájọ́ kò sí lábẹ́ òrùlé kan mọ́.

Àléébù kan ṣì kù. Òfin Area Court ṣì ti ìlẹ̀kùn mọ́ agbẹjọ́rò. Òfin Ìpìlẹ̀ ti 1979 ló sọ pé ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kàn lè yan agbẹjọ́rò tó wù ú. Nínú ẹjọ́ Uzodinma tí wọ́n dá ní 1982, ilé ẹjọ́ gíga sọ ọ́ ní gbangba pé òfin tó ń dí lọ́yà lọ́wọ́ ní Area Court kò lè dúró níwájú ẹ̀tọ́ yìí. Ẹnu tí a ti gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́ láti ìgbà Lugard, a dá a padà fún un.

Àwọn kan lè béèrè pé ṣé a kò ti sọ ọba di aláìníṣẹ́. Ìtàn fúnra rẹ̀ dáhùn lọ́nà tó yani lẹ́nu. Ní 1995, Ibrahim Sulu-Gambari gun orí ìtẹ́ Ìlọrin. Adájọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ ni kí ó tó jọba. Ní ayé Abdulsalami, ẹni tó jọba ló di adájọ́. Ní 1995, adájọ́ ló di ọba, ó sì ní láti fi ìjókòó ìdájọ́ sílẹ̀ kí ó tó lè jókòó sórí ìtẹ́. Iṣẹ́ tó kù fún ààfin kì í ṣe kékeré: ìlàjà ni. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí, ṣùgbọ́n a lè ti ojúde Ọba bọ̀ ká jọ jẹun, bí kò bá sí ẹni tí a fi ipá mú lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ tí a fẹ́ fi rán yín nìyí. Ìtàn àwọn Balógun àti Ẹ́míà wà nínú ìwé púpọ̀. Ìtàn àgbẹ̀, obìnrin àti ẹrú tó ra ara rẹ̀ padà kò sí níbi tó ju inú àkọsílẹ̀ kóòtù lọ, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ẹni tí kò mọ ìwé kọ ti ní kí a kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀. Ilé ìpamọ́ ìwé ti ìjọba àpapọ̀ ní Kaduna ni ìwé ìjọba Ìlọrin Province ti ayé òyìnbó wà. Ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín dé Area Court tó súnmọ́ ilé-ìwé yín, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí wọ́n wo bóyá ará oko tó dúró níwájú adájọ́ ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tàbí ó ṣì ń wá baba kékeré kiri. Bí ó bá ṣì ń wá a, a jẹ́ pé a ti kọ́ ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n a kò tíì parí iṣẹ́.